Ẹsẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́ṣẹ́?

Ní Ọjà Ọba, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn àtijọ́, ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni omi àlùwàlá ń kan ẹsẹ̀ àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà níbẹ̀. Bí ìrun bá ti parí, ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn á padà sídìí iṣẹ́ òòjọ́: ẹsẹ̀ obìnrin aláta tó ti jókòó láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹsẹ̀ alábàárù tó ń ru ẹrù gun òkè Màpó, ẹsẹ̀ bàbá arúgbó tó fi sálúbàtà rọ́bà rìn láti Bẹyẹrunkà dé Bẹẹrẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló ti le, tó ti sán ní gìgísẹ̀, tó ti tẹ ìṣó rí. Àwọn mìíràn sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n mọ̀, nítorí pé àtọ̀gbẹ ti mú ìmọ̀lára kúrò níbẹ̀. Lára irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ di oníṣègùn ẹsẹ̀ ti máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé lè to egungun 26 tó wà nínú ẹsẹ̀ kan lẹ́sẹẹsẹ, àwòrán lè fi ojú iṣan hàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í mọ ohun tí kò tíì kàn rí. Kí ló wá fún ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ara ẹlòmíràn kọ́ ọ? Ilé ẹ̀kọ́ lè fi ìwé ìlànà dáhùn ìbéèrè náà, kó sì gbàgbé rẹ̀. Ní tèmi, ìbéèrè nípa ìwà ni, àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn tó ń ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ènìyàn jẹ́ sì ní láti dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀, podiatry ni wọ́n ń pè é, òfin ló sì ń dáàbò bo orúkọ náà: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ tí wọ́n ń pè ní HCPC kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní podiatrist. Nǹkan bíi wákàtí 1,000 ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò láàárín àwọn aláìsàn kó tó gboyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú àti etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á dúró ti ọ̀gá, á máa gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó fi ìka wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù lókè ẹsẹ̀ àti èyí tó ń lù lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú. Bí kò bá rí i, kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ ni tàbí ọwọ́ òun ni kò tíì mọ ọ̀nà. Wọ́n á fún un ní fọ́nrán ọ̀rá tín-ínrín kan tó jẹ́ pé agbára gírámù 10 ló ń tẹ̀ ẹ́. Á máa fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, aláìsàn á dijú, á máa dáhùn nígbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni abẹ ń dé ọwọ́ rẹ̀, láti fá awọ tó ti yigbì, láti gé èékánná tó ti wọnú ẹran. Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló di abẹ mú, ọwọ́ náà sì lè máa gbọ̀n. Á rí egbò tí ń rùn. Á rí àgbàlagbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gé èékánná ara rẹ̀ mọ́, tí ojú ń tì láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú ọmọdé. Á tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan, nípa ọkọ tó kú, nípa ọmọ tí kò pe ìyá rẹ̀ mọ́, torí pé ẹni tó bá di ẹsẹ̀ ènìyàn mú jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣòro kí onítọ̀hún má tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní Nàìjíríà, dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ tiwọn. Àwọn tó gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo kò pọ̀. Àìsàn kò sì dúró dè wá. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, tẹ̀ lé àwọn aláìsàn 336 tí àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ wọn di egbò. Àwọn 119 ni wọ́n gé nínú ẹsẹ̀ wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló kú. Ẹnì kan péré nínú mẹ́rin ló ti ní ìmọ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀ kí egbò tó dé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lé ní oṣù kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbé egbò náà kiri kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá pàdé ní wọ́ọ̀dù wa nìyẹn: èyí tó ti pẹ́, tó ti bàjẹ́, tí owó tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ti tán sídìí egbòogi àti oògùn tí wọ́n rà láìbéèrè. Ìbàdàn sì ti mọ ọ̀rọ̀ kíkọ́ṣẹ́ lára aláìsàn ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní 1948, kò tíì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n lò, ilé ìwòsàn tí àwọn ará ìgboro ń gbé àìsàn wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rán ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀, University College Hospital (UCH). Láti ìgbà náà wá, ara àwọn ènìyàn tó ń gbé ní irú àdúgbò bíi Ọjà Ọba wà lára ohun tí ìrandíran dókítà fi kọ́ṣẹ́. Orúkọ àwọn dókítà wà nínú ìtàn. Ti àwọn aláìsàn kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan lèyí ti ṣẹlẹ̀, ìtàn iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ sì fi í hàn kedere. Ní London, ọdún 1912 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Society of Chiropodists sílẹ̀. Ní 1913, wọ́n ṣí kílíníìkì kan fún àwọn tálákà tí ẹsẹ̀ ń dùn, níbi tó wá di London Foot Hospital, ní 1919 sì ni ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra: àwọn tálákà ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé wọn. Àánú ló ṣílẹ̀kùn, n kò sì fẹ́ bu àánú kù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tibẹ̀ rìn jáde láìrora. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọ́n fi kọ́ ohun tí ẹsẹ̀ olówó wá ń jàǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú: òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1832 gbà kí wọ́n máa kó òkú àwọn aláìní tó kú sí ilé ìtọ́jú tálákà, tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti là. Òkú olówó kò sí nínú ètò náà, nítorí olówó kì í kú kí wọ́n má rẹ́ni wá gbé e. Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé ìmọ̀ ìṣègùn ní gbèsè lọ́rùn, àwọn tí agbára wọn kéré jù ló sì yá a. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù lónìí ń jẹ nínú gbèsè náà. Ó ń gbà kó tó ní ohunkóhun tó máa fúnni. Bí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá rò pé òun ni olóore níbẹ̀, gbogbo ohun tó máa kọ́ á wọ́ láti ìpìlẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ta kò mí pé kò sí gbèsè kankan níbẹ̀. Á ní aláìsàn òní ń jàǹfààní lára dókítà tó fi aláìsàn àná kọ́ṣẹ́, nítorí náà, tó bá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òun kọ́ṣẹ́, owó tó jẹ ló ń san padà. Àti pé bí ọ̀gá bá wà nítòsí, kò séwu. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní kí wọ́n má fi ara ènìyàn kọ́ṣẹ́ rárá. Bí gbogbo wa bá kọ̀, láàárín ogójì ọdún, kò ní sí ẹni tó máa mọ bí wọ́n ṣe ń mú abẹ. Àmọ́ àtakò náà gbé ẹrù kalẹ̀ sórí ẹni tí kò yẹ. Ìyá aláta tí kò rí oníṣègùn ẹsẹ̀ rí láyé rẹ̀, èwo ni ó jẹ nínú iṣẹ́ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ṣáájú tó fi yẹ kó san án padà? Ohun tí ọmọṣẹ́ aránṣọ ń ṣe ní ọjà wa lè là wá lójú níbí. Ọmọṣẹ́ kì í fi aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Àkísà àti bébà ló kọ́kọ́ ń gé. Ọjọ́ tó bá kan aṣọ oníbàárà, tó sì gé e bàjẹ́, ọ̀gá ló máa san án, oníbàárà sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ láti sọ pé ọwọ́ ọ̀gá nìkan ni òun fẹ́ lára aṣọ òun. Aṣọ nìyẹn o, èyí tí wọ́n lè rà òmíràn. Bí a bá fún léèsì ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, tí a sì fi du ìka ẹsẹ̀, kí la fẹ́ sọ?

Ti pé kò séwu kò sì tán ọ̀rọ̀. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ funfun wọlé, bàbá kan pè é ní dókítà, ó sì dákẹ́. Ó gé èékánná bàbá náà dáadáa, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìrora, bàbá dúpẹ́, ó lọ. Ta ló pa lára? Èsì mi ni pé wọ́n ti mú ohun kan lọ́wọ́ bàbá náà tí kò fi fúnni: àǹfààní àtimọ ẹni tó gbé ara òun lé lọ́wọ́. Ìwà kò dúró lórí ohun tó bàjẹ́ nìkan. Bí ẹnì kan bá wọ yàrá mi nígbà tí n kò sí nílé, tó wo gbogbo ibẹ̀ yíká, tó sì jáde láìmú abẹ́rẹ́, ó ti ṣẹ̀ mí, kódà bí n kò bá mọ̀ títí láé. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú; wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí aláìsàn sì yọ̀ǹda kó tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n níbí ni ẹlòmíràn ti máa sọ pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda yìí, ti òyìnbó ni; pé lọ́dọ̀ tiwa ẹbí ló ń pinnu, ẹni tó bá sì ti gbé ara rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ti fara rẹ̀ sílẹ̀. N kò gbà. Ta ni nínú wa tó ń wọ ilé onílé láìkágò? Ọmọdé tó bá wọ agbo ilé kan ní Ìbàdàn láìkí àwọn àgbà tó jókòó sójúde, wọn ò ní bi í léèrè ibi tó ń lọ kí wọ́n tó bá a wí. A sì tún ní àṣà kíkọ́ iṣẹ́ tó pẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀ kó tó dá dífá fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló mọ ẹni tó jẹ́ awo àti ẹni tó jẹ́ ọmọ awo nínú wọn. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti òkèèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bébà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀, bébà náà sì ni mo fojú kéré jù. Ìdí ni pé ìyọ̀ǹda lè wà lórí bébà kó má sí lọ́kàn. Ẹni tí kò tíì rí owó káàdì san, tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ̀ wọ́n lè má dá òun lóhùn mọ́, báwo ló ṣe máa sọ pé rárá? Bí dókítà àgbà bá kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, tó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí wo ẹsẹ̀ yín,” kí ni màmá máa sọ? “Ẹ wò ó, ọmọ mi” ni. Ó sọ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọlúàbí, nítorí pé kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. A ń sọ ìwà rere rẹ̀ di ìyọ̀ǹda. Ohun tó lè yí èyí padà kò ṣòro: kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ bá a ṣáájú, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, kó sì sọ fún un ní gbangba pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀gá nìkan ṣe é, ìtọ́jú wọn kò ní dín kù. Kí gbólóhùn ìkẹyìn yìí sì jẹ́ òtítọ́. Níbi tí kò bá ti jẹ́ òtítọ́, ilé ìwòsàn náà kò tíì yẹ níbi tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Àtakò kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn fúnra wọn: pé orí ló yàn án. Bí ó bá wà nínú àyànmọ́ ẹnì kan pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ni fọ́nrán ọ̀rá àti abẹ akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe sí i? Gbèsè wo ló sì wà láàárín ẹni tí orí rẹ̀ mú un wá àti ẹni tí orí rẹ̀ gbé e pàdé? Inú èrò Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ti wà. Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, ka ẹsẹ̀ mọ́ orí lára ohun tó gbé ìgbésí ayé ènìyàn ró. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin náà ronú lórí ọ̀rọ̀ orí, àyànmọ́ àti akitiyan ènìyàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1991. Ìtàn Ifá kan wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, níbi tí àwọn orí ti pe ìpàdé, tí wọ́n kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìpàdé náà dàrú. Ìgbà tí wọ́n rántí ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó lójú. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn náà ni pé orí rere tí kò lẹ́sẹ̀ kò ní dé ibi tó yàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orí ṣe àwáwí láti má tọ́jú ẹsẹ̀ ti fi ọ̀kan nínú àwọn ohun tí èrò àwọn baba wa gbé kalẹ̀ pa èkejì. Ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà tó le: bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ń mú orí rẹ̀ ṣẹ, ẹni tó di àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlòmíràn mú ti fọwọ́ kan ohun tó ju awọ àti egungun lọ. Alábàárù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ lọ, oúnjẹ ọmọ lọ, ipò rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ lọ pẹ̀lú.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tó gbilẹ̀ jù ní Ìbàdàn lónìí náà ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ẹsẹ̀. Nínú Sura karùn-ún, Kùránì pàṣẹ kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀ kí wọ́n tó kírun, Ànábì sì kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tó fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo rò pé ẹ̀bùn ńlá ló wà níbẹ̀ tí a kò tíì lò tán. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ máa ń bẹ alátọ̀gbẹ pé kó ṣe lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká, kó yẹ àárín ìka wò, olùkírun ní àǹfààní láti ṣe é nígbà márùn-ún. Ó ku kí ẹnì kan kọ́ ọ pé kó nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn omi, kó má sì fi omi gbígbóná dán ẹsẹ̀ tí kò mọ iná mọ́ wò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó mọ ohun tí àlùwàlá jẹ́. Bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn fún un kí ọkùnrin àjèjì fọwọ́ kàn án, akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní láti fara mọ́ ọn láìlọ́ra. Àkókò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì ju ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn obìnrin náà lọ. Ní ti àwọn Kristẹni, ìtàn tó wà nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí 13 ni gbogbo wọn máa ń rántí, bí Jésù ṣe fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. A máa ń fi ìtàn náà kọ́ni ní ìrẹ̀lẹ̀, ó sì tọ́. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé Pétérù kọ́kọ́ kọ̀, Jésù kò sì fi agbára fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà. Bí Olúwa bá lè dúró dúnàá-dúrà pẹ̀lú apẹja lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí ló ń kánjú lé ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń wá máàkì?

Ọ̀rọ̀ máàkì yìí ló mú kí n má fẹ́ kí a pe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsìn tàbí àánú. Jésù kò gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn tó fọ ẹsẹ̀ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á. Ó nílò èékánná kan, egbò kan, ẹsẹ̀ tó ti kú kan, kó lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ti ṣe é. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn bí ó bá mọ̀ ọ́n. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá rò pé àánú lòun ń ṣe kì í ronú àtisan nǹkan kan padà. Ọpẹ́ ló máa ń retí. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí tó fi rí ohun kan san. Kí ló lè san nígbà tí kò tíì mọ iṣẹ́? Òtítọ́ ni. Ẹ rántí ẹsẹ̀ tó ti kú, tí fọ́nrán kan tí onítọ̀hún kò mọ̀. Dókítà Paul Brand, tó bá àwọn adẹ́tẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà, wà lára àwọn tó fi yé ayé pé ara adẹ́tẹ̀ kì í dédé jẹrà; àìmọ ìrora ló ń jẹ́ kó máa ṣe ara rẹ̀ léṣe láìmọ̀. Bákan náà ló rí fún alátọ̀gbẹ. Ní ìṣẹ́jú tí àyẹ̀wò náà parí, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun kan nípa ara àgbàlagbà yìí tí àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bó bá kọ ọ́ sínú fáìlì, tó fi han ọ̀gá, tí wọ́n sì jọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lórí aláìsàn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, olè ló jà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá tàbí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ènìyàn: “Bàbá, ibí yìí ni mo fọwọ́ kàn tí ẹ kò mọ̀. Bí ìṣó bá gún yín níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀. Ojú yín ló máa máa bá ẹsẹ̀ yín ṣiṣẹ́ báyìí.” Ìwọ̀n tí ọmọṣẹ́ lè san lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò sì kéré.

Èyí tó kù ni ti ọjọ́ iwájú, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti le jù lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí Nàìjíríà kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ń lọ sí òkèèrè. Ṣé ẹni tó fi ara àwọn ará Ìbàdàn kọ́ṣẹ́, tó wá lọ ń tọ́jú ẹsẹ̀ ní Manchester, ti jẹ gbèsè sá lọ? Àwọn kan á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kí ìjọba fi òfin dè é. Èmi kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà, tó ń ra ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀, ẹ kò lè fi ẹ̀wọ̀n sọ ọ́ mọ́ wọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ pè é ní ìwà rere. Ẹ tún wo apá kejì: ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ podiatry nílùú òyìnbó, ẹsẹ̀ arúgbó òyìnbó ló fi kọ́ṣẹ́. Ṣé òun náà kò jẹ gbèsè níbẹ̀ ni? Ó jẹ ẹ́. Gbèsè yìí kì í ṣe ti ìlú sí ìlú, irú ènìyàn kan ni wọ́n jẹ ẹ́ fún: ẹni tí kò lè ra ìtọ́jú, tó sì fara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Manchester, ó wà ní Bẹẹrẹ. Ohun tí mo lè fi dandan bá oníṣègùn wí ni pé, níbikíbi tó bá wà, kó má jẹ́ kí irú ẹsẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ di irú ẹsẹ̀ tí kò ní àyè fún mọ́. Ẹrù tó kù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ló ni ín, nítorí àwọn ló ṣètò pé ara tálákà ni wọ́n á fi kọ́ni.

Ìlànà bí wọ́n ṣe lè gbé ẹrù náà kò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Ìbàràpá, kí wọ́n gbé ní Igbó-Ọrà láàárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n rí àìsàn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé wọ UCH. Ìtọ́jú ẹsẹ̀ ló yẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ jù, nítorí pé egbò ẹsẹ̀ ṣeé dènà, inú bàtà àti lórí ilẹ̀ ọjà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjà lónìí, ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ni agékànná, ọmọ Hausa tó ń gé èékánná kiri, tó ń fi abala sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lu ara wọn kí oníbàárà lè gbọ́. Iṣẹ́ tó níyì ló ń ṣe, ó sì ń dé ibi tí nọ́ọ̀sì kò dé. Àmọ́ sísọ́ọ̀sì kan náà ló ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ sì wà láàárín wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ti nọ́ọ̀sì bá fi ìkọ́ṣẹ́ kan sí Ọjà Ọba, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ ohun tí agékànná mọ̀ nípa ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kọ́ agékànná bí wọ́n ṣe ń fọ irinṣẹ́ mọ́ àti irú ẹsẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ gé.

Ẹnì kan lè bẹ̀rù pé èyí máa sọ ọjà di ilé àyẹ̀wò, pé wọ́n tún ti rí ibòmíràn tí wọ́n á ti máa fi ara tálákà kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù náà tọ́, n kò sì fẹ́ kó tètè kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣètò rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀ tó tó dì mú. Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé e lórí, ilé sì jẹ́ ti àwọn oníṣègùn. Ní Ọjà Ọba, ìyá aláta ló ni ìsọ̀ rẹ̀. Ìyálọ́jà wà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpótí kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà tí wọ́n lè lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí wọn fín padà sílé ìwé rẹ̀. Bí ìyá náà bá ní òun kò fẹ́, àtirà àtità rẹ̀ ń lọ, kò sí káàdì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí oògùn tí wọ́n máa fi dù ú. Níbẹ̀ ni “rárá” ti rọrùn láti sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn obìnrin mẹ́ta bá kọ̀ fún láàárọ̀, kí ẹ̀kẹrin tó na ẹsẹ̀ sí i, á ti mọ ohun tí ẹni tó na ẹsẹ̀ náà fún un.